Èsì: Victory tó rì kọ́ ló wà ní Portsmouth

Ẹ kú ìbéèrè o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní báwo ni Victory, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó rì lọ́dún 1744, ṣe tún wá jà nínú ogun ojú omi Trafalgar lọ́dún 1805. Ọkọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni! Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kì í jẹ́ kí orúkọ ọkọ̀ ogun tó lókìkí parun. Bí ọ̀kan bá lọ, wọ́n á fi sọ òmíràn, bíi Babátúndé.

Ọdún 1737 ni èyí tó rì bọ́ sómi, ìyẹn ni pé ọdún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e sójú omi; ìbọn àgbá 100 ló gbé. Ìjì ló mú un lọ, pẹ̀lú èèyàn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń sọ pé àpáta ìtòsí erékùṣù Alderney ló kọlù. Irọ́ ni! Ibi tó jìnnà sí àpáta yẹn ni wọ́n ti rí i lọ́dún 2008, ní ìsàlẹ̀ òkun. Àwọn àgbá onídẹ ńláńlá tí àmì ọba wà lára wọn ló tú àṣírí rẹ̀.

Ti Nelson, ọ̀gágun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tó ṣáájú ogun Trafalgar, ní tirẹ̀, 1765 ló bọ́ sómi. Inú rẹ̀ ni Nelson kú sí. Láti 1922 ló ti kúrò lójú omi, tó wà ní Portsmouth, ìlú èbúté kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Tí ẹ bá tún ń wá ọkọ̀ báyìí, ẹ fi ọdún tó bọ́ sómi mọ́ orúkọ rẹ̀.