Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Fífún Ọrùn Nígbà Ìbálòpọ̀

ÌBÉÈRÈ: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Èmi àti ọkọ mi ti ṣe ìgbéyàwó láti ọdún 6 sẹ́yìn, àwa méjèèjì sì fẹ́ràn kí ìbálòpọ̀ wa le díẹ̀. Ó máa ń so mí lọ́wọ́, ó sì máa ń gbá mi nídìí. Kò sí èyí tí n kò fọwọ́ sí nínú méjèèjì. Láìpẹ́ yìí ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún mi lọ́rùn. Ó ní bí òun kò bá ti tẹ ọ̀nà ọ̀fun, kò séwu. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ojú mi ṣú fún ìgbà díẹ̀, ohùn mi sì há di ọjọ́ kejì. Ṣé ọ̀nà kan wà tí a lè gbà ṣe é láìléwu? Ojú ń tì mí láti bi dókítà tó ń tọ́jú mi.

ÌDÁHÙN: Rárá, kò sí ọ̀nà tí a lè gbà fún ènìyàn lọ́rùn láìléwu, bó ti wù kí ọwọ́ fúyẹ́ tó, bó sì ti wù kí ìfẹ́ àárín ẹni méjèèjì jinlẹ̀ tó. Ohun tí ọkọ yín sọ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà gbọ́, ibẹ̀ gan-an sì ni wọ́n ti ń ṣìnà. Ẹ̀gbẹ́ ọrùn ni àwọn iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọpọlọ àti àwọn tó ń gbé e padà wà, agbára tí yóò dí wọn sì kéré sí èyí tí yóò dí ọ̀nà ọ̀fun. Bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ọpọlọ, ènìyàn lè dákú láàárín bí ìṣẹ́jú àáyá 10, ẹni tó sì ti ń dákú lọ kò lè sọ pé ó tó. Ìdí nìyí tí mo fi ya ọrùn sọ́tọ̀: àdéhùn yòówù tí ẹ bá ṣe, ọpọlọ ni yóò rántí rẹ̀, ọpọlọ náà sì ni ẹ kọ́kọ́ ń pa lẹ́nu mọ́.

Ewu náà kì í tán nígbà tí ọwọ́ bá kúrò lọ́rùn. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ lè ya láìsí àpá kankan lára. Ẹ̀jẹ̀ lè dì níbẹ̀, kí ó ṣí lọ sí ọpọlọ, kí àrùn rọpárọsẹ̀ sì dé lẹ́yìn ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ díẹ̀, kódà fún ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le. Nítorí náà, ojú tó ṣú àti ohùn tó há kì í ṣe ohun kékeré rárá. Mo bẹ̀ yín, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn lónìí, kí ẹ sì sọ ní tààrà pé wọ́n fún yín lọ́rùn, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n fẹ́ ya àwòrán iṣan ọrùn yín. Bí orí bá ń fọ́ yín gidigidi, bí ọrùn bá ń dùn yín, bí ó bá nira láti mí tàbí láti gbé nǹkan mì, bí ẹnu bá wọ́ tàbí tí apá kan rọ, ẹ má ṣe dúró di ìrọ̀lẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú dá yín dúró. Irú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun létí àwa dókítà.

Ní ti ọwọ́ síso, ìyẹn ṣeé mójú tó. Okùn tó bá fún lè tẹ iṣan ìmọ̀lára ní ọrùn ọwọ́ tàbí ní apá òkè, débi pé ọwọ́ lè má ṣeé gbé sókè fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìka méjì gbọ́dọ̀ lè wọ abẹ́ okùn náà, sísọ́ọ̀sì tí ẹnu rẹ̀ kò mú ṣóńṣó sì gbọ́dọ̀ wà nítòsí. Ní kété tí ọwọ́ bá ti kú tìpìrì tàbí tí ó tutù, ẹ tú u. Ẹ má fi ẹni tí ẹ so sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ má sì dojú rẹ̀ bolẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ lẹ́yìn, torí ó lè má rí èémí mí dáadáa.

Ní ti gbígbá, ìdí àti itan ni kí ẹ gbá, torí ibẹ̀ ni ẹran pọ̀ sí. Ẹ má gbá ẹ̀yìn ìsàlẹ̀ níbi tí kíndìnrín wà, ọ̀pá ẹ̀yìn, ikùn tàbí etí, nítorí ìgbátí kan lè fa ìlù etí ya. Ẹ yan ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí pé kí gbogbo rẹ̀ dúró, kí ẹ má sì ṣe é nígbà tí ọtí bá wà lójú ẹnikẹ́ni nínú yín.

Ohun kan wà nínú lẹ́tà yín tó dùn mí. Ẹ ní kò sí èyí tí ẹ kò fọwọ́ sí nínú síso àti gbígbá, ṣùgbọ́n ẹ kò sọ bẹ́ẹ̀ nípa ọrùn. Ẹ kàn ní ó bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹni tó gbà kí a so òun kò tíì gbà kí a fún òun lọ́rùn. Ẹ fi ìdáhùn yìí hàn án nígbà tí ara yín méjèèjì bá balẹ̀, kì í ṣe lórí ibùsùn. Bí ó bá fẹ́ràn yín bí mo ti rò, yóò dáwọ́ dúró. Bí ó bá kọ̀, tàbí tí ẹ̀rù bá ń bà yín láti sọ ọ́, ẹ ní kí dókítà jẹ́ kí ẹ̀yin àti òun nìkan jọ sọ̀rọ̀, kí ẹ sì sọ ìyẹn náà fún un.