Kí ló dé tí "score" fi jẹ́ ogún?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Nínú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, Sáàmù 90 sọ pé ọjọ́ ayé wa jẹ́ "threescore years and ten", Bíbélì Yorùbá sì ní àádọ́rin ọdún. "Score" tí èmi mọ̀ ni iye góòlù tí wọ́n gbá wọlé. Báwo ló ṣe tún di ogún? Ṣé mo lè máa lò ó nínú lẹ́tà?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ bi mí. Ọ̀rọ̀ yìí wà lára àwọn tí mo fẹ́ràn jù nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, torí ọ̀bẹ ló bí i. Àwọn ará Scandinavia tó wá tẹ̀dó sí England láyé àtijọ́ ló mú "skor" wá, ìyẹn àpá tí ọ̀bẹ dá sára igi. Ohun tí àwọn onímọ̀ èdè rò ni pé ẹni tó ń ka agbo àgùntàn á kà á lẹ́nu títí dé ogún, á gé àpá kan sára igi ọwọ́ rẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ení. Àpá mẹ́ta, ọgọ́ta àgùntàn. Bí àpá ṣe di ogún nìyẹn.

Nítorí náà, ogún mẹ́ta pẹ̀lú mẹ́wàá ni Bíbélì King James ti ọdún 1611 ń sọ. Abraham Lincoln, ààrẹ Amẹ́ríkà, náà lò ó nínú ọ̀rọ̀ tó sọ ní Gettysburg ní ọdún 1863: "four score and seven", ogún mẹ́rin àti méje. Ẹ yọ 87 kúrò nínú 1863, ẹ ó bá 1776, ọdún tí Amẹ́ríkà kéde òmìnira.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mọ́ mi jù ni Exchequer, ilé ìṣúra ọba England. Igi tí wọ́n gé lápá ni rìsíìtì ibẹ̀. Richard FitzNeal, akápò ọba ní ọ̀rúndún kejìlá, kọ ọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe ń gé e: ti ẹgbẹ̀rún pọ́n-ùn jẹ́ àpá tó fẹ̀ tó ìnípọn àtẹ́lẹwọ́; ti ọgọ́rùn-ún, ìbú àtàǹpàkò; ti ogún, ìbú ọmọńdinrín; ti pọ́n-ùn kan, hóró ọkà báálì tó yọmú. Ti pẹ́nì kò ju kí ẹnu ọ̀bẹ kan igi lọ, láìyọ nǹkan kan kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, wọ́n á la igi yẹn ní òòró, ẹni tó sanwó á mú ìlàjì kan, ilé ìṣúra á mú èkejì. Ẹni tó bá lọ bu àpá kún tirẹ̀, àṣírí rẹ̀ á tú lọ́jọ́ tí wọ́n bá pa méjèèjì pọ̀. Ọgbọ́n ńlá gbáà ni, pàápàá láyé tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀wé kà.

Òfin ọdún 1782 ní kí wọ́n fòpin sí i, síbẹ̀ ó di 1826 kí ó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ní October 16, 1834, wọ́n ń fi àwọn igi náà dáná nínú iná ìléru ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Westminster, ni iná bá ràn, ó sì jó ilé ìgbìmọ̀ méjèèjì. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí iye àkọsílẹ̀ tó bá a lọ.

Gbèsè náà ń gba orí àpá, ìdí nìyẹn tí "settle a score" fi jẹ́ kí èèyàn san gbèsè kí ó tó di kí èèyàn gbẹ̀san. Ní ti góòlù yín, ẹ wo eré kíríkẹ́ẹ̀tì ọ̀rúndún kejìdínlógún: ẹni tó ń ka máàkì tí àwọn eléré ń gbà ń gé igi lápá, "notch", ìyẹn àpá, ni wọ́n sì ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àpá yẹn náà ni góòlù yín.

Nínú lẹ́tà, bí ogún gẹ́lẹ́ lẹ fẹ́ sọ, ẹ kọ "twenty". "Scores of people" dára, àmọ́ ohun tó ń sọ ni pé èrò pọ̀, kò sẹ́ni tó kà wọ́n. Bí nọ́ńbà bá sì ṣáájú rẹ̀, ẹ má fi s sí i: "three score" ni ọgọ́ta, "three scores" ni èsì ìdíje mẹ́ta.