Kátálíìsì mi ti kú, síbẹ̀ wọ́n fẹ́ rà á lówó gidi

Ìbéèrè: Òkun o. Ọkọ̀ tòkunbọ̀ ni mo fi ń kó èrò láti Kábbà lọ sí Lọ́kọ́ja. Mẹkáníìkì mi ní kátálíìsì tó wà lára sàlẹ́ńsà ti kú. Ẹni tó ń ra irin àlòkù sì fẹ́ san owó gidi lé e, ó ní irin olówó iyebíye inú rẹ̀ ṣì pé. Bí irin bá pé, kí ló wá kú?

Ìdáhùn: Òkun o. Kò sí èyí tó purọ́ nínú àwọn méjèèjì. Irin ṣì wà níbẹ̀. Bó ṣe tò ló ti bàjẹ́.

Kátálíìsì ló ń sọ èéfín olóró inú ẹ́ńjìnnì di èyí tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀, òkúta amọ̀ oníhò wẹ́wẹ́ ni wọ́n lẹ irin olówó iyebíye náà, platinum, palladium àti rhodium, mọ́, ní hóró tí ojú lásán ò lè rí. Hóró tó fẹ̀ tó nánómítà 2 (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mílímítà), bí ìdajì átọ́ọ̀mù rẹ̀, ìyẹn ẹyọ tín-ín-tìn-tín tó para pọ̀ di irin, ló wà níta, níbi tí èéfín ti lè kàn wọ́n. Bó bá fẹ̀ dé 20, bí 1 nínú 20 péré ló kù síta. Èyí tó wà nínú lọ́hùn-ún kàn jókòó lásán ni. Bí sàlẹ́ńsà bá wá gbóná kọjá ààlà, àwọn hóró náà á máa rìn, wọ́n á máa dà pọ̀ bí ẹ̀kán epo pupa lójú ọbẹ̀. Òṣùwọ̀n ò ní mọ ìyàtọ̀, èéfín á mọ̀ ọ́n.

Ibi tó wù mí jù rèé: irin méjì inú hóró kan lè lú pọ̀ dọ́gba, ọ̀kan lè bo èkejì, wọ́n sì lè pín ẹ̀gbẹ́. Wọn kì í tilẹ̀ dúró sójú kan. Ní 2008, àwọn onímọ̀ ní Berkeley, Amẹ́ríkà, fi hàn pé nínú hóró rhodium òun palladium, rhodium ló ń jáde síta bí wọ́n bá fẹ́ NO (nitric oxide, gáàsì inú èéfín ọkọ̀) sí i. Tí wọ́n bá fi CO (carbon monoxide, gáàsì olóró inú èéfín) kún un, palladium á tún bọ́ síta.

Kí ẹ tó ra òmíràn, ẹ yẹ púlọ́ọ̀gì wò. Epo tí kò jó nínú ẹ́ńjìnnì, inú kátálíìsì ló ń lọ jó sí. Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ń jẹ ọ́ìlì, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì inú ọ́ìlì á bo irin náà lójú. Láìtún ìyẹn ṣe, tuntun á tún kú. Ti àtijọ́, ẹ tà á.