Ta ni kí n gbà láti máa ṣètò iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kajú mi?

Ìbéèrè

Mo ní ilé iṣẹ́ kajú nítòsí Ṣábẹ̀ẹ́. Obìnrin ló pọ̀ jù nínú àwọn òṣìṣẹ́ mi. A ń pa kajú, a ń bó o, a ń ṣà á, a sì ń dì í fún àwọn oníbàárà ní Kútọnu àti ní òkè òkun. Láti ọdún tó kọjá ni ọjọ́ tí mo bá dá fún oníbàárà kì í pé mọ́: nígbà mìíràn ọmọ kajú wà nílẹ̀ ṣùgbọ́n páálí ti tán, nígbà mìíràn àwọn tó ń bó o á jókòó láìríṣẹ́ ṣe. Wọ́n ní kí n gba aṣètò iṣẹ́, ẹni tí wọ́n ń pè ní «planificateur» ní àwọn ilé iṣẹ́ ńlá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kàwé jáde ní Kútọnu, ó sì mọ kọ̀ǹpútà lò dáadáa. Ṣé kí n fi iṣẹ́ náà fún un? Irú ènìyàn wo gan-an ni mo ń wá, èló sì ni kí n máa san fún un?

Ìdáhùn

Màmá, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìnáwó. Ohun tí ẹ kọ yìí kò ṣàjèjì sí mi, nítorí pé iṣẹ́ tí mò ń ṣe láti Àjàṣẹ́ níbí ni láti máa bá àwọn onílé iṣẹ́ kéékèèké tún ètò iṣẹ́ wọn ṣe, mo sì ti rí i pé ọ̀pọ̀ wọn ń wá aṣètò nígbà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n nílò gan-an ni kí ọ̀gá fúnra rẹ̀ gbà kí ẹnì kan máa dá òun dúró. Bó ti wù kí a ṣàlàyé iṣẹ́ aṣètò tó, ìbéèrè kan ni ó gbọ́dọ̀ lè dáhùn nígbàkígbà: bí oníbàárà bá ní òun fẹ́ ẹrù báyìí, ọjọ́ wo ni ẹrù náà lè jáde ní tòótọ́, iṣẹ́ wo ni yóò sì dúró nítorí rẹ̀? Bí ẹ bá ti gba owó àsansílẹ̀, tí ẹ sì ti dá ọjọ́ lórí fóònù kí ó tó gbọ́, akọ̀wé lásán ni ẹ gbà.

Ẹ má ṣe dà á pọ̀ mọ́ ọ̀gá iṣẹ́ tó ń dúró ti àwọn òṣìṣẹ́. Ọ̀gá iṣẹ́ ló mọ ẹni tó wá àti ẹni tí kò wá, òun ló ń rí i pé ẹ̀rọ ìsè gbóná tó, òun náà ló ń parí ìjà. Ọjọ́ òní ni ojú rẹ̀ wà. Aṣètò ní tirẹ̀ ń wo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́ta síwájú: iye àpò tó kù ní ilé ìkẹ́rù, páálí àti ọ̀rá ìdì tó yẹ kí a ti béèrè fún kí èyí tó wà nílẹ̀ tó tán, ọjọ́ tí ọkọ̀ yóò gbéra lọ sí èbúté Kútọnu. Bí ẹ bá kó iṣẹ́ méjèèjì lé ẹnì kan lọ́wọ́, ti òní ni yóò máa jẹ ti ọ̀la run, nítorí pé ẹni tí ẹ̀rọ kọṣẹ́ mọ́ lọ́wọ́ láàárọ̀ kò ní ráyè lọ ka páálí. Ọ̀rọ̀ páálí tó tán tí ẹ ròyìn yẹn, ó dà bíi pé ibẹ̀ ló ti wá.

Iṣẹ́ kajú tún ní wàhálà tirẹ̀, tí ẹni tó ti ṣètò iṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì tàbí ní ilé omi oní-ọ̀rá kò ní mọ̀ lọ́jọ́ kìíní. Láàárín nǹkan bí oṣù kejì sí oṣù kẹfà ni ẹ ó ra ohun tí ẹ ó fi ṣiṣẹ́ títí ìkórè mìíràn yóò fi dé. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ti fòfin de kíkó kajú tí a kò tíì pa lọ sí òkè òkun, àwọn ilé iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ yìí ló kàn láti rà á, ẹni tí kò bá sì mọ iye tí òun nílò lè rà ju agbára owó rẹ̀ lọ, tàbí kí ó rà kéré jù, kí àwọn òṣìṣẹ́ sì jókòó sílé ní oṣù kọkànlá. Nítorí náà iṣẹ́ aṣètò yín yóò máa bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kejìlá, kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀ rárá.

Yàtọ̀ sí èyí, kajú kì í gbọ́ àṣẹ. Bí oníbàárà bá fẹ́ W320 nìkan, ìyẹn odidi ọmọ funfun tí 300 sí 320 nínú wọn ń wọ pọ́n-ùn kan, inú àpò kan náà ni W240 tó tóbi jù ú lọ, W450 tó kéré sí i, àwọn tó là sí méjì àti àwọn tó fọ́ yóò ti jáde, ẹ kò sì lè ní kí wọ́n má wá. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ KOR tí àwọn oníkajú máa ń kà sí yín létí nígbà tí ẹ bá ń rà á. Bí wọ́n bá ní KOR rẹ̀ jẹ́ 47, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àpò kan tó jẹ́ kílò 80 yóò mú pọ́n-ùn 47 ọmọ jáde, èyí tó lé díẹ̀ ní kílò 21. Ṣùgbọ́n ọmọ kajú tí wọ́n wọ̀n yẹn ṣì wà nínú awọ pupa rẹ̀, omi sì ṣì wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn tí ẹ bá gbẹ ẹ́ tí ẹ sì bó o, ohun tí yóò wọ páálí kò ní tó bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹni tó bá sì gba orí KOR ṣírò páálí tààrà yóò ṣèlérí ohun tí kò sí nínú àpò.

Nítorí náà, nígbà tí àwọn tó ń wáṣẹ́ bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ má ṣe bi wọ́n pé kí ni wọ́n mọ̀ nípa ètò iṣẹ́. Kò sí ẹni tí kò lè sọ ọ̀rọ̀ dídùn lórí ìyẹn. Ẹ fún wọn ní bébà, ẹ̀rọ ìṣirò àti wákàtí kan, kí ẹ sì gbé irú ìṣirò yìí ka iwájú wọn. Oníbàárà kan fẹ́ 100 páálí W320, páálí kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílò 22,68, ó sì fẹ́ ẹ láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Tọ́ọ̀nù 60 kajú wà ní ilé ìkẹ́rù. Ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n kajú ló ń di ọmọ tó ṣeé dì, ìdá kan nínú mẹ́ta ọmọ náà ló sì ń jẹ́ W320. Àwọn tó ń pa kajú lè pa tọ́ọ̀nù méjì lójúmọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó ń bó o kò lè bó ju ohun tó jáde nínú tọ́ọ̀nù kan àbọ̀ lọ. A kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú. Ó ń gba ọjọ́ méjì láti sè é, láti pa á àti láti gbẹ ẹ́ kí ọmọ kajú àkọ́kọ́ tó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń bó o, ọjọ́ méjì mìíràn sì ni ṣíṣà àti dídì ń gbà lẹ́yìn tí bíbó bá parí. Ṣé ẹrù náà yóò bá ọjọ́?

Ẹnì kan yóò sọ pé tọ́ọ̀nù 60 pọ̀ ju ohun tí a nílò lọ, pé kò sí ìṣòro. Òótọ́ ni pé kajú tó: 100 páálí jẹ́ kílò 2 268, ọmọ kajú tí yóò ti inú rẹ̀ wá lápapọ̀ jẹ́ kílò 6 804, kajú tí a ó pa sì jẹ́ nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 34. Ẹlòmíràn yóò pín 34 sí méjì, yóò ní ọjọ́ 17 ni, yóò sì gbé bébà rẹ̀ sílẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ẹni tí ẹ ń wá ni ẹni tí yóò rí i pé ibi bíbó ni iṣẹ́ ti ń há, pé ọjọ́ 23 ni ibẹ̀ yóò gbà, pé bí a bá fi ọjọ́ mẹ́rin ti ìbẹ̀rẹ̀ àti ti ìparí kún un, ó di 27, bẹ́ẹ̀ ọgbọ̀n ọjọ́ tí a bá yọ ọjọ́ Àìkú kúrò nínú rẹ̀ kò lè ju ọjọ́ iṣẹ́ 26 lọ. Ọjọ́ kan péré ló fi dín. Ẹ wá wo ohun tí yóò ṣe sí ọjọ́ kan yẹn, nítorí pé ibẹ̀ ni ẹ ó ti mọ irú ẹni tó jẹ́. Ó lè béèrè bóyá W320 díẹ̀ ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó lè ní kí a fi ènìyàn méjì kún àwọn tó ń bó o láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, tàbí kí a bẹ oníbàárà fún ọjọ́ mẹ́ta sí i nísinsìnyí, kì í ṣe lọ́jọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n. Bí ó bá tún béèrè pé ta ni yóò ra ọmọ kajú yòókù tí kì í ṣe W320, tó lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́rin, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó lọ láìgba nọ́mbà fóònù rẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá ní kí àwọn tó ń pa á máa yára sí i. Ọmọ kajú tó ti gbẹ, tó wá ń dúró de ẹni tí yóò bó o, yóò tún fa omi láti inú afẹ́fẹ́, pàápàá ní oṣù keje tí òjò ń rọ̀. Awọ rẹ̀ yóò lẹ̀ mọ́ ọn, yóò sì máa fọ́ mọ́ àwọn obìnrin náà lọ́wọ́. Ohun tí ì bá jẹ́ odidi ni ẹ ó wá tà ní owó àfọ́kù.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́? Kí ó mọ kọ̀ǹpútà lò dára, Excel sì tó fún ilé iṣẹ́ tó bá tó tiyín. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ètò kọ̀ǹpútà olówó ńlá fún yín lọ́dún àkọ́kọ́. Ẹ jẹ́ kí ó jókòó ṣe ìdánwò náà pẹ̀lú àwọn tó kù. Bí ó bá yege, ohun kan ṣì kù tí bébà kò lè fi hàn: ṣé ọmọ tí ẹ gbé pọ̀n lè wò yín lójú, kí ó ní «Rárá, Màmá, ọjọ́ yẹn kò ṣeé ṣe»? Ilé la ti kọ́ ọ pé a kì í já àgbà ní koro. Bí ó bá sì ṣe àṣìṣe ńkọ́, ṣé ẹ lè bá a wí láìjẹ́ pé ẹ̀gbọ́n yín pe ìpàdé ẹbí lé yín lórí? Èmi kò sọ pé kí ẹ má gbà á. Ohun tí mò ń sọ ni pé bí ìdáhùn yín sí ìbéèrè méjèèjì bá ń mì, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn fún un.

Kí ẹ tó wo ìta, ẹ wo inú ilé. Ẹni tó ń kọ ìwé ilé ìkẹ́rù yín, bí iye àpò tó kọ sílẹ̀ kì í bá yàtọ̀ sí èyí tó wà nílẹ̀ lójúkojú, ó ti ní ohun tó ṣòro jù láti kọ́ ènìyàn. Excel kò le tó ìyẹn. Bí kò bá sí irú rẹ̀, ẹ lè fi ìkéde sílẹ̀ ní ANPE, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bá ènìyàn wá iṣẹ́, ẹ sì lè béèrè lọ́dọ̀ àwọn tó jáde ní ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Lokossa tàbí ní yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Kétu. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ọdún méjì ní ilé iṣẹ́ kan tí ẹ̀rọ ti ń kọṣẹ́, tí iná ti ń lọ, sàn lójú tèmi ju ẹni tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ gùn lọ. Kí ó lè bá àwọn obìnrin tó ń bó kajú sọ̀rọ̀ ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé, nítorí pé àwọn ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé kajú ọ̀sẹ̀ yìí kò dára. Kí ó sì lè gbé Ṣábẹ̀ẹ́: ẹni tí ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wà ní Kútọnu yóò máa wo ọ̀nà láti ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀.

Ní ti owó oṣù, 52 000 fránkì tí ìjọba fi ṣe owó oṣù tó kéré jù lọ láti oṣù kìíní ọdún 2023 kì í ṣe ìwọ̀n iṣẹ́ yìí. Ìlànà tí mo máa ń fún àwọn ènìyàn ni pé kí owó aṣètò má ṣe kéré sí ti ọ̀gá iṣẹ́, nítorí pé bí ó bá kéré, ọ̀gá iṣẹ́ kò ní ka ètò rẹ̀ kún, àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹ̀bùn kún un, ẹ má ṣe so ó mọ́ iye tọ́ọ̀nù tí a pa. Ẹ so ó mọ́ iye ẹrù tó jáde lọ́jọ́ tí a dá. Ẹ fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní CNSS, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì àti ààbò àwọn òṣìṣẹ́. Ìdá 3,6 nínú ọgọ́rùn-ún ni a ń yọ nínú owó òṣìṣẹ́, ṣùgbọ́n ti agbanisíṣẹ́ pọ̀ ju ìyẹn lọ dáadáa, nítorí náà kí ẹ ṣírò rẹ̀ kí ẹ tó dárúkọ iye kankan. Òfin 2017-05 ti ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2017 ló de gbígba ènìyàn síṣẹ́ àti dídá a dúró: ẹ kọ àkókò ìdánwò, ìyẹn àkókò tí ẹ ó fi wo iṣẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó gbà á pátápátá, sínú ìwé àdéhùn, kí ẹ sì fọwọ́ sí i kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ìbáà jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín.

Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹ má ṣe retí ètò lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó máa wọ̀n ni. Kí ó wọ̀n kajú tó wọlé, ohun tó kù lẹ́yìn pípa, ohun tó kù lẹ́yìn gbígbẹ àti lẹ́yìn bíbó, ní ojoojúmọ́, nítorí pé ìdá tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ lókè kì í ṣe tiyín, àfi kí òṣùwọ̀n yín sọ tiyín. Láti oṣù kejì, ẹ̀yin, òun àti ọ̀gá iṣẹ́ ẹ máa jókòó fún ààbọ̀ wákàtí ní gbogbo àárọ̀ Sátidé, kí ẹ fi ohun tí ètò wí wé ohun tó ṣẹlẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn náà ni kí ẹ jáwọ́ nínú dídá ọjọ́ lórí fóònù: bí oníbàárà bá pè, ẹ gba iye tó fẹ́ àti irú tó fẹ́, ẹ ní ẹ ó pè é padà kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ẹ má sì gba owó àsansílẹ̀ kankan títí aṣètò yóò fi fún yín ní ọjọ́.