Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ìwọ̀n ta àbúrò yín

Ẹ kú ìbéèrè, ẹ̀yin ọmọ Òròkí tí ẹ kọ̀wé nípa àbúrò yín. Mo ti ka gbogbo rẹ̀: ọmọ ọdún 19, kílò 54, ó ti gba àmì-ẹ̀yẹ díẹ̀ nínú ìdíje ẹ̀ṣẹ́ àwọn tí kì í jà fún owó, ọkùnrin kan sì ti Èkó wá bá a ní Òṣogbo pé kó sọ̀ kalẹ̀ sí kílò 50.8, pé òun á sọ ọ́ di olówó kí ọdún tó yí po. Ẹ ní ṣé èèyàn tó tín-ín-rín báyìí lè fi ẹ̀ṣẹ́ jẹun.

Ó lè jẹun níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe lójú ọ̀nà tí ọkùnrin yẹn là fún un. Èmi náà ti jà fún owó láti ìlú yìí, ní bantamweight àti featherweight, kí n tó padà jókòó sídìí iṣẹ́ jórinjórin mi ní Ìgbọ̀nà. Mo gba ẹ̀ṣẹ́ tó pọ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ṣe mí tó ìwọ̀n tí wọ́n yàn fún mi àti ọjọ́ ìjà tí wọ́n yàn fún mi. Bọ́sà kékeré tí kò bá ní ẹnu nínú méjèèjì yìí, ẹlòmíràn ló ń jà fún.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìwọ̀n. Láti kílò 47.6 títí dé kílò 61.2, ìsọ̀rí mẹ́sàn-án ni wọ́n pín àwa kéékèèké sí. Flyweight ni 50.8 tí wọ́n ń pe àbúrò yín sí, bantamweight jẹ́ 53.5, super bantamweight 55.3, featherweight 57.2. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìsọ̀rí kan sí èkejì kì í sábà pé kílò méjì, ìdí nìyẹn tí gbogbo èèyàn fi ń rò pé nǹkan kékeré ni. Ọkùnrin kílò 100 tó bá dín kílò mẹ́ta, ikùn rẹ̀ á kàn fà díẹ̀ ni. Ẹni tó jẹ́ kílò 54, tí kò lọ́ràá lára, tó ń sáré láràárọ̀, níbo ni ẹ fẹ́ kó ti yọ ọ́? Inú omi ara rẹ̀ ni, lẹ́yìn ìyẹn inú iṣan rẹ̀.

Nínú ìdíje àìgbowó tí àbúrò yín ti ń bọ̀, àárọ̀ ọjọ́ ìjà ni wọ́n ń wọ̀n wọ́n, torí náà kò sí àyè fún ọgbọ́n púpọ̀. Nínú ti owó, ọjọ́ tó ṣáájú ìjà ni. Ẹni tó bá gun òṣùwọ̀n lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ ní kílò 53.5, tó wá mumi, tó jẹ̀kọ, tó tún jẹ àmàlà lálẹ́, ó lè wọ ríngì lálẹ́ Ẹtì ní kílò 57 tàbí 58. Ohun tí ọkùnrin Èkó ń fojú sùn nìyẹn: kí àbúrò yín gbẹ dé 50.8, kó wú padà, kó wá ju alátakò rẹ̀ lọ. Ó máa ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ní onímọ̀ oúnjẹ àti dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ohun tí àwa ní ni nylon lábẹ́ súwẹ́tà, eré nínú oòrùn ọ̀sán, ọbẹ̀ tí kò níyọ̀, àti kí a má fẹnu kan omi láti ìrọ̀lẹ́. Mo bá ọmọkùnrin kan wọ mọ́tò rí tó ń jẹ ṣíńgọ́ọ̀mù, tó ń tutọ́ sínú ike láti Gbọ̀ngán títí a fi wọ Ìbàdàn. Òṣùwọ̀n gbé e lóòótọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú kí ẹ̀ṣẹ́ kankan tó bà á.

(Àwọn Mùsùlùmí inú wa á ní ṣé ààwẹ̀ kọ́ nìyẹn. Kì í ṣe ààwẹ̀ o. Nínú ààwẹ̀ a ń jí sáàrì, a ń ṣínu, mo sì máa ń ṣe ìgbaradì lẹ́yìn ìrun àṣàmù ní Ràmàdáánì láìsí wàhálà. Èyí tó burú ni kí a gba ìjà tó bọ́ sí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Ìtúnu Ààwẹ̀, kí a wá fi gbígbẹ tuntun lé ti oṣù yẹn lórí.)

Wọ́n á sọ fún un pé ọwọ́ kékeré kì í pànìyàn. Ẹ má gbà. Àwa ni a ń lo ìbọ̀wọ́ ọ́ǹsì 8, àwọn tó wúwo ló ń lo 10. Àwa náà ni ìjà wa sábà máa ń pé abala (ráúndì) rẹ̀ pátá, tí a ó máa gba ẹ̀ṣẹ́ sórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nígbà tí àwọn géńdé ńlá á ti gbé ara wọn ṣánlẹ̀ ní abala kejì. Lightweight, ìsọ̀rí kílò 61.2, ni Duk Koo Kim, ọmọ Korea tó bá Ray Mancini jà ní Las Vegas ní oṣù kọkànlá ọdún 1982. Abala 14 ni wọ́n dá ìjà náà dúró, kò sì jí mọ́. Ikú rẹ̀ ló mú kí WBC, ọ̀kan nínú àwọn àjọ tó ń fúnni ní bẹ́líìtì àgbáyé, dín ìjà bẹ́líìtì kù láti abala 15 sí 12, tí àwọn yòókù sì tẹ̀lé e. Davey Moore tó gba bẹ́líìtì lọ́wọ́ Hogan Bassey tiwa ní 1959, featherweight ni òun náà. Ó kú ní oṣù kẹta ọdún 1963 lẹ́yìn ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Sugar Ramos ní Los Angeles. Ohun tí dókítà kan ṣàlàyé fún wa ni pé bí ara bá ti gbẹ, omi kì í tètè padà síbi tí ọpọlọ wà bó ṣe ń padà sínú ikùn. Èèyàn á ti yó, orí rẹ̀ á ṣì gbẹ.

Ẹ wo àwọn kéékèèké tí ayé mọ̀, òkè ni wọ́n ń lọ. Hogan Bassey, flyweight ló fi bẹ̀rẹ̀ nílé níbí, ó bọ́ sí bantamweight, kó tó wá lu Cherif Hamia ní Paris ní 1957 ní featherweight, tó fi di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba bẹ́líìtì àgbáyé. Manny Pacquiao, ọmọ Philippines, kò tilẹ̀ tó ìwọ̀n rárá nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé òun kó nǹkan wúwo sápò kí wọ́n lè gba òun láyè. Ní 2010 ó ti gba bẹ́líìtì super welterweight, ìsọ̀rí tó jìnnà sókè sí tàwa kéékèèké. Ọmọ ọdún 19 ṣì ń dàgbà. Kó jà ní 53.5, kó máa jẹun. Bí èjìká rẹ̀ bá fẹ̀, kó bọ́ sí 55.3, kó má wo ẹ̀yìn.

Ti ọjọ́ ìjà wá ńkọ́? Àwa tó ń jà fún owó ní ìsàlẹ̀ kílò 58 kò pọ̀ ní Nàìjíríà, èyí ló fà á tó fi jẹ́ pé orí fóònù ni iṣẹ́ wa wà. Alátakò ẹnì kan á ṣàìsàn, tàbí òṣùwọ̀n á kọ̀ ọ́, wọ́n á wá máa wá ẹni tó bá ìwọ̀n mu kiri. Mo wà nídìí géètì tí mo ń jó fún oníbàárà kan ní Òkè-Fìà nígbà tí irú ìpè bẹ́ẹ̀ wọlé, inú ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an sì ni ìjà. Abala mẹ́fà. Ẹni tí mo fẹ́ bá jà ti ń múra láti oṣù tó kọjá, àwọn èèyàn rẹ̀ ló kún gbọ̀ngàn, orúkọ rẹ̀ ló wà lókè pátákó. Ẹ̀ṣẹ́ mi ń bà á, mo rí i tí ojú rẹ̀ wú, síbẹ̀ òun ni adájọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dá láre. Ó ṣeé ṣe kó jù mí lọ ní abala tó gbẹ̀yìn, torí èémí mi ti tán. N kò bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀ mọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni pé ìjà tí a bá pàdánù kì í parẹ́. Ó wà lórí BoxRec, ìkànnì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ìjà àwọn bọ́sà, ẹni tó bá tẹ orúkọ mi á rí i, kò sì ní rí i níbẹ̀ pé òjijì ni wọ́n pè mí. Tí irú rẹ̀ bá ti tó mẹ́ta mẹ́rin lórúkọ bọ́sà, àwọn agbátẹrù ìjà á ti mọ̀ ọ́n sí ẹni tí wọ́n ń pè kí ọmọ tiwọn lè rí ẹni borí.

Gbogbo ẹni tó bá sì fẹ́ kí ẹ gba ìjà òjijì ló máa ń dárúkọ Azumah Nelson. Òótọ́ ni, wọ́n pe ọmọ Ghana yẹn lójijì ní 1982 láti bá Salvador Sánchez, tó di bẹ́líìtì featherweight WBC mú nígbà náà, jà ní Madison Square Garden, ó sì bá ọ̀gá náà dé abala 15 kí wọ́n tó dá a dúró. Ohun tí wọn kì í fi kún un ni pé Azumah ti gba bẹ́líìtì Commonwealth kó tó débẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì tíì lù ú rí nínú ẹ̀ṣẹ́ olówó. Kò bọ́ sílẹ̀ látorí géètì. Ní ìparí 1984 ló padà lọ gba bẹ́líìtì WBC lọ́wọ́ Wilfredo Gómez, nílé Gómez ní Puerto Rico.

Owó? Ẹ gbàgbé iye tí wọ́n ń dá lórí fóònù. Nínú rẹ̀ ni kóòṣì á ti mú tirẹ̀, mánéjà á mú tirẹ̀, owó mọ́tò èèyàn méjì lọ bọ̀, oúnjẹ, ibi tí ẹ ó sùn, àyẹ̀wò ara. Ohun tó kù sí mi lọ́wọ́ nínú ìjà abala mẹ́fà yẹn kò tó owó iṣẹ́ géètì tí mo fi sílẹ̀ lọ. Ìyókù tí agbátẹrù náà ní òun máa fi ránṣẹ́, mo ṣì ń retí rẹ̀. Láti ìgbà tí GOtv Boxing Night ti bẹ̀rẹ̀ ní 2014, àwọn kéékèèké bíi Waidi Usman tí wọ́n ń pè ní Skoro àti Oto Joseph tí wọ́n ń pè ní Joe Boy ti di ẹni tí àwọn èèyàn ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, ó sì yẹ kí inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n irú alẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í wáyé lóṣooṣù, oúnjẹ sì ni ojoojúmọ́. Kí àbúrò yín má fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ohun yòówù kó jẹ́. Ìyá mi, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ, kò bẹ̀rù ẹ̀ṣẹ́ rí; iná jórinjórin ló ní ó máa fọ́ mi lójú.

Ní ti Òṣogbo fúnra rẹ̀, ìlú yìí dára fún ẹsẹ̀ àti èémí. Tí èèyàn bá fi ìdájí sáré láti Ọláìyá gba Òkè-Fìà kí mọ́tò tó kún títì, kò sí ohun tí Èkó ní tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí kò sí ni ẹni tí a ó bá ṣe sípárìn, ìyẹn ìjà ìdánrawò. Àwọn tó wà ní ìwọ̀n mi kò tó nǹkan, torí náà àwọn géńdé kílò 70 ni mo ń bá na ara, orí mi ló sì ń fara gbá a. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, nígbà mìíràn Rowe Park ní Yàbá, níbi tí àwọn tín-ín-rín bíi tèmi pọ̀ sí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé jáàbù mi, ẹ̀ṣẹ́ ọwọ́ iwájú tí wọ́n ń yìn nílé, lọ́ra.

Nítorí náà, ẹ pe ọkùnrin yẹn jókòó, kí bàbá yín tàbí ẹ̀gbọ́n kan tó lẹ́nu wà níbẹ̀. Ẹ béèrè ìwé àṣẹ rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ Nigerian Boxing Board of Control, torí àwọn ló ń bójú tó ẹ̀ṣẹ́ olówó. Ẹ béèrè ibi tí àbúrò yín á máa gbé àti àwọn tí á máa bá ṣe sípárìn, ẹ ní kó sọ ìwọ̀n wọn. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìwọ̀n tí ọmọ kò bá fọwọ́ sí, kò ní jà nínú rẹ̀, àti pé ìjà tí wọn kò bá sọ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ṣáájú, ó lè kọ̀ ọ́ láìsan ìtanràn. Ìjà àkọ́kọ́, abala mẹ́rin, kó má jù bẹ́ẹ̀. Mánéjà tó bá béèrè ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó ìjà lọ, ẹ sìn ín dé gáréèjì. Kí wọ́n tó fọwọ́ sí ohunkóhun, kí wọ́n fi ẹ̀rọ ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, kí wọ́n yẹ ojú rẹ̀ wò, kí ẹ̀yin fúnra yín tọ́jú èsì rẹ̀, torí òun ni dókítà á fi wé ti ọdún tó ń bọ̀. Ó wọ́n, mo mọ̀. Òun gan-an ló yẹ kí ẹni tó ní òun fẹ́ sọ ọmọ yín di olówó kọ́kọ́ náwó lé lórí.

Tí wọ́n bá bi mí, mo máa ní kó má tíì kánjú kúrò nínú ìdíje àìgbowó. Davidson Andeh gba wúrà lightweight nínú ìdíje àgbáyé ní Belgrade ní 1978. Peter Konyegwachie gba fàdákà featherweight ní Òlíńpíìkì Los Angeles ní 1984. N kò ní kí àbúrò yín tó wọn kó tó gbowó. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún 21 tó ti gba wúrà ní National Sports Festival, agbátẹrù ló máa wá a wá, á sì lẹ́nu láti sọ pé ìwọ̀n báyìí ni mo fẹ́, ọjọ́ báyìí ni mo lè jà.

Ẹ ní kó wá bá mi ní sítédíọ̀mù láàárọ̀ Sátidé. Kó jẹun kó tó wá, kó mú ike omi dání. A ó wọ̀n ọ́n kó tó sáré, a ó tún wọ̀n ọ́n tó bá sáré tán, á fojú ara rẹ̀ rí iye tó jẹ́ omi nínú kílò 54 yẹn. Tí ọkùnrin Èkó bá ṣì wà nílùú, kó tẹ̀lé e wá.