Owó oṣù ni kí ọlọ́wó yín má fọwọ́ kàn

Ẹ̀yin tí ẹ ń béèrè bóyá kí ẹgbẹ́ yín gba ọlọ́wó tó ní òun á máa san gbogbo owó oṣù àwọn agbábọ́ọ̀lù, kí ẹ lè tètè gòkè ní líìgì: ọdún 9 ni mo fi jẹ́ akápò ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kékeré kan. Irú ọlọ́wó bẹ́ẹ̀ la gbà.

Ọdún méjì àkọ́kọ́ dùn, mi ò ní purọ́. A ń mú agbábọ́ọ̀lù tí agbára wa ò ká. Nígbà tí òwò tirẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, kò gbé fóònù mọ́, bẹ́ẹ̀ àdéhùn àwọn ọmọ náà ṣì ku ọdún kan àbọ̀. Bí owó 10 bá wọlé, owó oṣù nìkan fẹ́ gba 13. Golíì wa wá bá mi lọ́jọ́ kan. Kò jà. Ó kàn gbé fóònù rẹ̀ sórí tábìlì kí n ka ohun tí onílé rẹ̀ kọ sí i. Mi ò rí èsì fọ̀.

Ẹ má sì sọ pé tí ẹ bá ti gòkè, owó á tẹ̀ lé e. Ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Bury ní England gòkè ní 2019. Kí oṣù kẹjọ ọdún yẹn tó parí, wọ́n ti lé wọn kúrò nínú líìgì tí wọ́n ti wà láti 1894, nítorí ọ̀rọ̀ owó.

Tó bá wu ọlọ́wó yín láti náwó, kó tún pápá ṣe, kó ri òpó iná sí i. Owó géètì, onígbọ̀wọ́ àti owó ọmọ ẹgbẹ́ ni kó gbé owó oṣù.

Ohun tó yọ wá (ẹ ò ní gbà gbọ́) ni páálí kan tí eku ti jẹ létí. Káàdì ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọdé wa ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tó wà lọ́dọ̀ wa láti ọmọ ọdún 13 sí 17, ni wọ́n tà lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn. Òfin FIFA ní kí wọ́n yọ ìdá 5 nínú 100 owó náà fún àwọn ẹgbẹ́ tó tọ́ ọ láti ọmọ ọdún 12 sí 23, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí hàn, ọdún méjì péré lẹ sì ní láti fi pẹjọ́ tí wọn ò bá san án. Owó yẹn la fi san gbèsè golíì.

Ẹ lọ bi akọ̀wé yín léèrè ibi tí káàdì àwọn ọmọ yín wà.