Ó ń parí lórí láptọ́ọ̀pù, kì í parí lórí Raspberry Pi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Mo fi C kọ prógíráàmù kékeré kan tó ń ka iye ìgbà tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fara hàn nínú fáìlì. Lórí láptọ́ọ̀pù mi, kíá ló ń parí. Lórí Raspberry Pi ọ̀rẹ́ mi, kì í parí rárá. Ìlà tó ń ka fáìlì nìyí: char c; while ((c = getchar()) != EOF). Ṣé oríṣiríṣi kọ̀ǹpútà ni n ó máa rà kí n tó lè dán iṣẹ́ mi wò ni?

Ìdáhùn: Má ra nǹkan kan, àbúrò mi. Inú char yẹn ni ọ̀ràn wà. Ìlànà C kò sọ bóyá char lè gba nọ́ńbà òdì. Ó fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ṣe compiler, ìyẹn irinṣẹ́ tó ń sọ ohun tí o kọ di prógíráàmù. Lórí Linux x86 (irú ẹ̀rọ tó sábà ń wà nínú láptọ́ọ̀pù), compiler tó ń jẹ́ GCC ní ó lè gbà á. Lórí ARM, irú ẹ̀rọ tó wà nínú Pi, ó ní kò lè gbà á. EOF, àmì pé fáìlì ti parí, sì rèé, -1 ni lórí méjèèjì. Lórí Pi, -1 tó bá wọ inú char di 255, 255 kò sì ní bá -1 dọ́gba títí ayé. Sọ c di int.

Láptọ́ọ̀pù rẹ náà kò mọ́ o. Lẹ́tà ẹ tiwa yìí, báìtì mẹ́ta ni nínú UTF-8, ètò tí fáìlì fi ń tọ́jú lẹ́tà: E1 BA B9. Lórí x86, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di nọ́ńbà òdì nínú char. Tí o bá fi irú rẹ̀ wá àyè nínú array (ìlà àpótí tí o ń ka iye lẹ́tà sí), ìta array lo ti ń kọ nǹkan. Ọ̀rọ̀ Yorùbá tó ní àmì ni kí o máa fi dán iṣẹ́ wò. “Hello world” kò lè tú irú àṣìṣe yìí síta.

Lórí láptọ́ọ̀pù kan náà, fi -fsigned-char kọ́ prógíráàmù náà lẹ́ẹ̀kan, kí o tún fi -funsigned-char kọ́ ọ. Fi -Wall -Wextra -fsanitize=address,undefined kún un, kí compiler lè máa tọ́ka sí àṣìṣe fún ọ. -funsigned-char yẹn ì bá ti fi àìsàn Pi hàn ọ́ nílé. Lẹ́yìn náà, gbé e fún Clang, compiler mìíràn.

Ti ẹ̀dà compiler, èyí tó pẹ́ jù tí o ṣèlérí fún àwọn oníbàárà àti èyí tó dé kẹ́yìn ti tó. Èmi kì í yọ ara mi lẹ́nu lórí àwọn tó wà láàárín. Ṣùgbọ́n kọ -std=c11, tó ń sọ ẹ̀dà ìlànà C tí o fẹ́, síbẹ̀ fúnra rẹ, torí GCC máa ń yí tirẹ̀ padà: gnu17 ni GCC 14 ń lò bí o kò bá sọ nǹkan kan, GCC 15 ti bọ́ sí gnu23.

QEMU, prógíráàmù tó ń ṣe bí kọ̀ǹpútà mìíràn, lè bá ọ ṣí prógíráàmù ARM lórí x86, àti ti s390x, ẹ̀rọ ńlá IBM tó ń to báìtì nọ́ńbà ní òdìkejì. Ó ń falẹ̀, àmọ́ ó tó. Bí thread (apá prógíráàmù tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) bá wà nínú iṣẹ́ rẹ nìkan ni kò tó: x86 kì í sábà da ètò memory rú bí ARM ṣe ń ṣe, nítorí náà ARM gidi ni kí o wá.